Ẹsẹ̀ Ló Ń Ṣe Mí, Ojú Ni Wọ́n Ń Wò

Wúràọlá, ọmọ ọmọ mi,

Tíṣà Keturah tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi gẹ̀ẹ́sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣé dáadáa lo wà n'Ibàdàn? Ọkọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí yóò bà wá nínú jẹ́ nípa rẹ. Àwa wà ní Igbó-Ọrà, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, òjò ń rọ̀ bó ṣe wù ú.

O rántí ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá mi jà, àti ẹsẹ̀ mi tó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Àwọn dókítà kan gbé ẹ̀rọ wá síbí. Mo na ẹsẹ̀ sí wọn, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé irin, wọ́n kán omi sí mi lójú, wọ́n ya fọ́tò inú ẹyinjú mi. Dókítà Godwin, ọ̀gá wọn, ní àwọn iṣan kan wà tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, àwọn ló ń jẹ́ kí ara mọ ìrora, wọ́n wà lójú, wọ́n wà lẹ́sẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà sì ń jẹ wọ́n. Bí tojú bá ti ń já, tẹsẹ̀ náà ń já nìyẹn. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n inú mi ò gbà á. Wọ́n ti ya fọ́tò mi fún ìbò, wọ́n ti yà á ní báńkì, kò sí èyí tó wọ inú ẹyinjú. Bóyá gbogbo ohun tí mo ti fi ojú yìí rí láti kékeré ni wọ́n fẹ́ kó lọ.

Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ni mo bá fún Kẹ́hìndé, ìkejì mi, ní káàdì mi pé kó lọ jókòó dípò mi. O mọ̀ pé ìyá tó bí wa gan-an máa ń ṣì wá pè. Kò sí àìsàn kankan lára tirẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ la ṣe rò. Mo ní bí ẹ̀rọ yẹn bá gbọ́n, yóò sọ pé ojú yìí kì í ṣe ojú Táíwò.

Mo tẹ̀lé e, mo sá sẹ́yìn fèrèsé. Wọ́n yà á tán, Godwin mi orí, ó ní iṣan màmá ti já ju tìgbà yẹn lọ. Kẹ́hìndé bú sẹ́rìn-ín, ó ní òpùrọ́ ni ẹ̀rọ wọn, òun kọ́ ni Táíwò, ara òun le koko. Èmi náà wọlé, mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ò bínú, ó ní kí Kẹ́hìndé bọ́ bàtà. Bàtà ò bọ́. Ìṣó ti gba abẹ́ sílípáàsì wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó kàn án mọ́ ọn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti ọjà Lánlátẹ̀ dé, orí ìṣó ló ń rìn. Wọ́n fà á yọ, ó ṣì ń béèrè pé kí ni wọ́n ń wá lẹ́sẹ̀ òun. Wọ́n gún un níka, ṣúgà rẹ̀ ju tèmi lọ.

Mi ò tíì gba ẹ̀rọ wọn gbọ́ o. Ìṣó ni mo gbà gbọ́.

Fi owó oògùn ránṣẹ́, ti èèyàn méjì ni, àti bàtà méjì tó bo ọmọ ìka. Kí méjèèjì bára mu, torí bí tèmi bá dára jù, Kẹ́hìndé á bá mi jà. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, ara rẹ yóò máa mọ̀ ọ́n. Àmín.

Ẹni tí o máa sọ fún kíákíá ni Àbdùlàhí, ọmọ Kẹ́hìndé, tẹ́ ẹ jọ wà n'Ibàdàn. Ọjọ́ kẹfà nìyí tí wọ́n ti fa ìṣó yẹn yọ, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti ń dúdú, dókítà ní bí kò bá dé ilé ìwòsàn ńlá kó tó di Jímọ̀, wọ́n lè gé e. Kẹ́hìndé kọ̀, ó ní ohun tí kò bá dunni kì í ṣe àìsàn. Kí Àbdùlàhí wá fúnra rẹ̀. Kó má pè é lórí fóònù: ìyá rẹ̀ á ní kò dun òun rárá, òótọ́ ló sì máa sọ.