Ọmọ Mẹ́rin Nínú Fọ́ọ̀mù Bàbá Wọn

Bàbá wọn,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Lẹ́tà dé láàárọ̀ yìí láti ọ́fíìsì ìjọba ìlú yìí lórí ìwé àṣẹ ìgbélùú yín. Àyà mi já débi pé mo gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ó ti jóná, ẹ má bínú.

Wọ́n ní ọmọ méjì ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù tèmi, mẹ́rin lẹ kọ sínú tiyín. Wọ́n ń béèrè bóyá ẹ ní ìyàwó mìíràn nílé. Háà! Ẹ̀yin tí agbára yín ò ká èmi nìkan! Àwọn ọmọ méjì tí ẹ̀gbọ́n yín tó kú fi sílẹ̀ lẹ kà mọ́ tiwa, bí a ṣe ń kà wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò.

Èmi ni mo ní, “Kí la fẹ́ fi lọ́yà ṣe? Ṣé a ò mọ̀wé ni?” Ẹ̀bi mi ni. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ti bá lọ́yà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi níbẹ̀ láago mẹ́ta. Ẹ má dá lẹ́tà náà lóhùn fúnra yín o.

Bí àwọn méjèèjì bá pè nírọ̀lẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá yín nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ọmọ ta ni wọ́n.

Èmi ni,
Ìyá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.