Akíkà Tó Wà ní Ààlà Wa

Bàámi àtàtà,

Mi ò ní fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí omijé tó gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní Agbowó níbí. Wọ́n ní kí n kàn fọwọ́ sí i, kí n gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ mi. Kí ẹ tó papò dà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé oko yín pé ilẹ̀ yín parí nídìí akíkà. Wọ́n ní igi kúkúrú tó wà létí odò ni akíkà. Bí mo bá gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo kòkó tí èmi àti ẹ̀yin gbìn ní òdìkejì odò di tiwọn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò parọ́ tán. Akíkà ni wọ́n ń pe igi kúkúrú yẹn náà nílé. Igi méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan, ẹ sì mọ̀. Kí ló dé tí ẹ ò kọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn? Ṣé ẹ rò pé kò sẹ́ni tó máa béèrè ni?

Mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ níbí. Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti dé, ọkùnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì nítòsí ilé wa nìkan la jọ ń kíra. Lánàá, òórùn kan dá mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá kan gbé àwo èso kalẹ̀, mo ní kí wọ́n ta akíkà fún mi. Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀.

“Ìyeyè lèyí o, ọmọ mi. Àbí Ìbàdàn ò tíì mọ̀ pé o dé ni?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, àmọ́ mo rà á. Mo fi ọ̀kan sẹ́nu, mo tu kóró rẹ̀ sí gọ́tà, mo bá rántí.

Igi ńlá ìpẹ̀kun oko, akíkà kejì. Iyọ̀ tí a fi ń jẹ ẹ́, tí ẹ máa ń pọ́n sí bébà sínú fìlà. Kóró tí ẹ ní kí n máa tu sí ilẹ̀ Bàbá Kékeré, kí àwọn náà lè rí nǹkan gbìn. Àwọn fúnra wọn á dúró sí ọ̀dọ̀ tiwọn, wọn kì í sọdá láìtọrọ:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣa díẹ̀ nínú akíkà yín.”

Akíkà yín. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ.

Mò ń wọkọ̀ lọ sílé ní Sátidé. Ẹ mọ̀ pé n kì í lè wojú àgbà sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú, màá wò ó lọ́jọ́ yẹn. Èmi nìkan lẹ bí. Mo ti pọ́n iyọ̀ sí bébà. Màá dúró sí ọ̀dọ̀ wa lábẹ́ igi ńlá yẹn, màá sì dúró títí Bàbá Kékeré á fi tún tọrọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń tu kóró sọ́hùn-ún.