Èsì Tí Mo Se Adìyẹ Jẹ Lé Lórí

Yunhi ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Seoul? Kí àwọn bàbá ńlá wa máa ṣọ́ ọ lọ, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ata ti gbẹ, ajá ti bí mẹ́ta.

Ìjọba kọ̀wé pé nítorí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, kí n bu ìgbẹ́ díẹ̀ sínú ike wá fún àyẹ̀wò, ọ̀fẹ́ ni. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ìgbẹ́ àgbẹ̀ ṣe. Ìyá rẹ ní ìgbà wo ni mo di ahun tó báyìí. Mo sì bù ú.

Èsì dé: yangseong. Inú mi dùn, torí ohun tí dókítà sọ nìyẹn nígbà tí kókó yọ lọ́mú ìyá rẹ, pé yangseong ni, kò léwu. Mo se adìyẹ. Lọ́jọ́ kejì obìnrin kan pè mí pé kí n tètè wá sí ọsibítù, kí n sì mú ẹnì kan nínú ẹbí dání. Mo ní gbájúẹ̀ ni. Ó ní òun kò béèrè owó. Mo ní bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo pa fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún pè.

Nígbà tó yá, Nọ́ọ̀sì Tak tó ń tọ́jú wa lábúlé wá bá mi lóko. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ni, ìró kan náà ni wọ́n ní: ọ̀kan ni pé kókó kò léwu, èkejì ni pé àyẹ̀wò rí ohun tó ń wá, ìyẹn ẹ̀jẹ̀. Mo bi í pé irú èèyàn wo ló ń fi ọ̀rọ̀ kan sọ pé fọkàn balẹ̀, tó tún ń fi í sọ pé sáré wá. Ó ní kí n lọ bi àwọn tó ṣe èdè wa.

Ó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà ni wọ́n á fi gba ìdí wo ìfun mi. Bó bá jẹ́ kókó kékeré, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á gé e kó tó di jẹjẹrẹ. Bó bá ti di jẹjẹrẹ, wọ́n á gé lára ìfun, wọ́n sì lè fi oògùn líle kún un, àmọ́ ẹni tó bá tètè wá sábà máa ń yè é. Ó ka ohun tó ń fà á: ọjọ́ orí, sìgá, ọtí, ẹran pupa. Mo fura pé ìyá rẹ ló lọ ṣòfófó mi.

Ó wá bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí. Mo ní rárá. Yunhi, irọ́ ni mo pa. Òun ló pa bàbá mi, a kàn ń pè é ní inú rírun fún ẹ̀yin ọmọ ni. Mo rò pé ìdílé ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọ lè torí rẹ̀ kọ̀ ọ́. N kò mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa. Èmi náà ti ń rí ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta, mo ń sọ fún ara mi pé ata ni.

Mo ti padà lọ bá Nọ́ọ̀sì Tak pé kó pa rárá yẹn rẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún mi. Ìwọ ni mo fẹ́ mú dání, ìyá rẹ á sunkún níwájú wọn. Jọ̀ọ́, fi owó ara rẹ wọkọ̀ wá. Bí wọ́n bá sì bi ìwọ náà lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ni kí o wí.

Kí n gbó ju bàbá mi lọ, kí ìwọ náà gbó jù mí lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Maeng Chunsik