Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Jáde Kúrò Nínú Fóònù

Agbokofe,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn òjò.

Sitsofe ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Akra? Ṣé ara ọmọ náà le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ oko máa ṣọ́ yín, kí ẹsẹ̀ yín má kọ níbi tí mọ́tò pọ̀ sí, kí ẹ má ṣe ṣàgbákò. Àwa náà wà láàyè. Màmá rẹ wà, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní ṣé kí n bá a kí ọ, ó ní kí n fi ìkíni òun sílẹ̀, òun ní ẹnu tòun, òun sì mọ nọ́ńbà rẹ. Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé èmi ni mo kọ̀wé, torí ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Màmá rẹ ló júwe ilé rẹ fún dírẹ́bà tó ń mú ìwé yìí bọ̀, èmi ò gbọ́ ohun tó sọ.

Ewúrẹ́ dúdú bí méjì. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná, a ti kàn án padà. Ilé ìjọsìn ni kò dáa. Bẹ́ǹṣì àwọn ọ̀dọ́ lápá òsì, níbi tí ẹ máa ń há ara yín mọ́, adìyẹ ló ń yé sábẹ́ rẹ̀ báyìí. Lọ́dún yìí, mi ò ní ẹyọ ọmọ kan nínú kíláàsì ìfẹsẹ̀múlẹ̀ mi. Mo ṣì ń lọ jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́, mo ń bi ara mi ní ìbéèrè, mo sì ń dá ara mi lóhùn.

Wọ́n wá gbé pásítọ̀ tuntun wá láti ìlú Ho. Ọmọdé ni, ṣòkòtò rẹ̀ sì fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ débi pé mo rò pé ti àbúrò rẹ̀ ló wọ̀. Ó ní Tíṣà, àwọn ọ̀dọ́ ò sọnù o, inú fóònù ni wọ́n wà, àfi ká lọ bá wọn níbẹ̀. Ó gba rẹ́jísítà mi àtijọ́, ó wá nọ́ńbà wọn káàkiri, ó kó ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n sínú yàrá kan nínú fóònù. Mi ò mọ bí ibẹ̀ ṣe gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ pé òjò ò pa wọ́n.

Mo wẹ̀, mo wọ kóòtù dúdú mi, mo gun òkè ilé ìwé lọ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo kágò lẹ́nu yàrá náà, mo sì dúró kí wọ́n ní kí n wọlé. Pásítọ̀ ní kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀, kí n kàn máa sọ̀rọ̀. Mo ní yàrá tí ò ní ilẹ̀kùn, ta ló kọ́ irú ẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè kìíní, pé ta ló dá ọ. Kò pẹ́ tí àwọn orí róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n dà bíi pupa ẹyin, ẹnu wọn là sílẹ̀, omijé ń dà lójú wọn. Mo ní áà, ìbéèrè kìíní péré ti gún wọn lọ́kàn báyìí. Mo ní kí wọ́n má sunkún mọ́, ìdáríjì wà. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń sunkún gan-an. Pásítọ̀ ò lè wò mí lójú.

Lẹ́yìn náà ni Senanu, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kumasi báyìí, kọ̀wé síbẹ̀. Pásítọ̀ kà á fún mi. Ó ń béèrè pé bí àwọn bá padà wá, orúkọ ta ni Tíṣà tún máa kà síta. Bí ó ṣe béèrè rẹ̀ tán ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé lágbájá ti jáde, tàmẹ̀dò ti jáde. Mo rò pé wọ́n lọ tọ̀ ni, torí wọ́n ti jókòó pẹ́. Mo dúró dè wọ́n títí òjò fi pa mí, mi ò fẹ́ kí wọ́n padà dé kí wọ́n má bá mi. Pásítọ̀ ló wá fi aṣọ bò mí, ó ní Tíṣà, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, ẹni tó bá jáde báyẹn kì í padà.

Mo ní kó pe Senanu fún mi. Ọmọ náà ò rí mi fín o. Ó ní Pàpá, gbogbo wa la jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn lọ́jọ́ tí ẹ ka orúkọ Sitsofe níwájú ìjọ pé ó lóyún láìlọ́kọ, pé kó kúrò nídìí tábìlì Olúwa, kó lọ jókòó sẹ́yìn. Ó ní àwọn rí i bí mo ṣe ká ìwé náà, tí mo sì gbé orin. Ó ní àwọn ń wo ara àwọn pé bó bá lè ṣe ọmọ tiẹ̀ báyìí, àwa ńkọ́? Ó ní nígbà tí o gba ẹnu ọ̀nà lọ dípò kí o lọ sẹ́yìn, gbogbo àwọn ló bá ọ jáde lọ́jọ́ náà, ara àwọn nìkan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Sitsofe, mo rò pé oògùn ni mò ń lò fún yín. Mo rò pé bí mo bá fo orúkọ rẹ, àwọn èèyàn á ní Tíṣà ń ṣojúsàájú. Orin tí mo gbé, mo gbé e kí n má bàa bú sẹ́kún ni. Ojú tì mí láti sunkún níwájú ìjọ, ojú ò sì tì mí láti ka orúkọ rẹ. Ó ń dùn mí, ọmọ mi, ó ń dùn mí dé egungun. Mo ṣẹ̀ ọ́.

Nǹkan kan tún wà. O mọ ọrẹ ọjọ́ ìbí wa, tí wọ́n á pe àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á jó jáde, wọ́n á pe ti Ìṣẹ́gun, títí dé Àìkú. Kodzo ni mí, ọjọ́ Ajé ni tèmi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́ pé o bímọ, mi ò mọ ọjọ́ wo ni, mi ò mọ̀ bóyá ọmọkùnrin ni, Kofi ọjọ́ Ẹtì, tàbí ọmọbìnrin, Yawa Ọjọ́bọ̀. Mo bi màmá rẹ, ó ní ẹni tó mọ orúkọ kà lójú gbogbo ayé, kó lọ wá orúkọ yìí fúnra ẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá pè ni mo ń dìde. Mo ń fi owó ọmọ náà sínú àwo, kí ọjọ́ rẹ̀ má bàa kọjá láìsí ẹni tó jáde fún un. Alàgbà Gbeku ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá mi fi rọbí mi. Ìjọ máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, màá sì tún dìde.

Mi ò kọ èyí láti ní kí o padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ẹni tó lé èèyàn jáde kọ́ ló yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá. Bí owó sídì díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́, torí kòkó ò so dáadáa lọ́dún yìí, ọjọ́ méje sì pọ̀ fún àgbàlagbà kan. Bí kò bá sí, má lọ yáwó. Ọjọ́ náà nìkan ni kí o sọ fún mi, ẹsẹ̀ mi á sinmi. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ Ajé ni, a jẹ́ pé èmi àti ọmọ náà la ti jọ ń jáde láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, tí mi ò mọ̀.

Kí Ọlọ́run tó mọ ọjọ́ náà bù kún ìwọ, kó sì bù kún ọmọ náà.

Èmi ni Pàpá rẹ,
Kodzo Agbenyega.