Pe Ẹ̀mí Rẹ Kí O Tó Wọkọ̀ Òfúrufú

Jovelyn ọmọ ọmọ mi,

Nenita ìyàwó Dadong, àbúrò ìyá rẹ, ti bímọ. Ọkùnrin ni, orí rẹ̀ gùn bíi ti bàbá rẹ̀. Rodelio tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ti gbé Floring níyàwó, òjò pa wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́ funfun bí ìbejì. Ṣé Manila kò fi iṣẹ́ pa ọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ kò ní sùn. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ èyí, ẹ̀kọ́ àgbà ti so èso. Bí o bá rí ibi tó wọ́, ọwọ́ ló wọ́, ọ̀rọ̀ kò wọ́.

Dadong sọ fún mi pé Kánádà ti pè ọ́ wá búra kí o lè di ọmọ ìlú wọn, ṣùgbọ́n pé o kò ní lọ títí ọdún òkú ìyá rẹ yóò fi pé tí a ó bọ́ aṣọ dúdú. Ó yìn ọ́. Ó ní ọmọ gidi ni ọ́, ta ló ń fi òkú ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òjò dídì? Èmi kò yìn ọ́.

Mo bi olùkọ́ wa Perlita, tí àbúrò rẹ̀ ń gbé Winnipeg ní Kánádà. Ó ní ọkùnrin kan kọ̀wé láti di ọmọ ìlú wọn bíi tìrẹ, kò dúró gbèsì, ó gba Dubai lọ ṣiṣẹ́. Ìpè dé, kò lọ, wọ́n pa ìwé rẹ̀ tì. Nígbà tó fẹ́ padà, káàdì tó fi ń gbé Kánádà ti kú sí i lápò, ọkọ̀ òfúrufú kò gbé e. Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló mú wálé. Káàdì tìrẹ náà ń darúgbó ní Manila.

Perlita ní inú fóònù ni wọ́n ti ń búra báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń búra gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ Kánádà. Dadong rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe nígbà tó jẹ́ ojú nìkan ni wọ́n ń rí? Mo ní kó panu mọ́. Àwọn èèyàn yẹn gbọ́n. Wọ́n mọ̀ pé fóònù ń gbé ojú, kì í gbé ẹ̀mí. Ọjọ́ tí ìyá rẹ kú, ẹkún lo fi sáré kúrò ní Winnipeg, o kò dúró lẹ́nu ọ̀nà pe ẹ̀mí rẹ bí a ṣe ń pè é, pé ó yá, má kù sẹ́yìn. Ó ṣì jókòó sí yàrá rẹ lọ́hùn-ún. Ìdí tí o fi rù nìyẹn. Lọ bá a.

Mo ti gbé oúnjẹ lọ sí ibojì Aning ìyá rẹ, mo ro ẹjọ́ fún un. Atẹ́gùn ń fẹ́, àbẹ́là kò kú. Ìyá rẹ gbà. Aṣọ dúdú tìrẹ, èmi ni màá wọ̀ ọ́ lé tèmi, màá sì bọ́ méjèèjì papọ̀.

Kí o tó jáde ní Manila, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí o pe orúkọ ara rẹ sókè. Má tijú àwọn aládùúgbò. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ilẹ̀kùn méjèèjì, tibí àti tọ̀hún, máa ṣí fún ọ.

Ẹlẹ́dẹ̀ tí mò ń bọ́ fún àsè ìyá rẹ, mo ti tà á, adìyẹ la ó pa. Dadong kò tíì mọ̀. Perlita ní owó rẹ̀ kò lè tó owó ọkọ̀. Mo ní kó gbé ọ dé ibi tó bá lè gbé ọ dé, kí Kánádà wá pàdé rẹ níbẹ̀. Rodelio ń mú owó náà bọ̀ wá bá ọ lọ́jọ́ Ajé.

Èmi Eufrocina, ìyá ìyá rẹ.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pésò.