Ẹyin Iná Tó Fọ́ ní Yàrá Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọyẹ́ ti dé sí àdúgbò wa ní Jenta. Òtútù rẹ̀ mú débi pé Màámi ti gbé kóòtù yín wọ̀, ó sì gùn dé orúnkún rẹ̀. Ẹ ò bá rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá yín, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, bí ẹnikẹ́ni bá ń gbé ìròyìn wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹ rántí gílóòbù énájì orí tábìlì yín, èyí tó lọ́ bí ìwo àgbò? Ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀ fúnra yín. Áńkáṣì lẹ fi dì í mú, bí ẹni di ẹyin mú. Kwan wuta, ẹyin iná, ni Hausa ń pe gílóòbù, ẹ̀yin tí ẹ ti Èkìtì wá ṣe tíṣà níbí sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju ti ilé lọ. Lójú yín, ẹni tó bá pè é ní ẹyin kò ní jù ú mọ́lẹ̀. Gílóòbù yẹn ṣì ń tàn lẹ́yìn yín títí di Sátidé tó kọjá. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbídùn, ọmọ mi, ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Hausa ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Lọ́sàn-án Sátidé, ó ń ya àwòrán lábẹ́ iná yín, torí a ti ti fèrèsé pa nítorí òtútù. Màámi ń po ẹyin tó fẹ́ dín ní ilé ìdáná. Èmi ń ká aṣọ ní pálọ̀. Àfi igbe ọmọ:

"Kaka! Kwan ya fashe!"

Ìyẹn ni pé, Màmá àgbà, ẹyin ti fọ́.

"Kai! Ẹyin wo lo tún lọ mú?" Màámi kò kúrò nídìí sítóòfù. "Ó yá, fọwọ́ kó o, kó o fi rágì nu ilẹ̀ kí eèrà tó dé!"

"To, Kaka!"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wo ilé ìdáná ni mo rí i pé gbogbo ẹyin ilé wà níwájú Màámi. Ẹyin wo ló wá kù tí yóò fọ́ ní yàrá? Mo ju aṣọ sílẹ̀.

Ìbídùn ti lóṣòó, rágì wà léjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi àfọ́kù. Okùn iná ló fẹsẹ̀ kọ́. Mo gbé e kó tó fọwọ́ kàn án. Mo yọ okùn náà lára ògiri, mo ṣí fèrèsé gbayawu, a jáde, mo sì pa ilẹ̀kùn dé.

Bàbá, irú gílóòbù yẹn yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Mákúrì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ohun tó ń dán bí fàdákà nínú gíláàsì tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà nígbà kan. Bó bá fọ́, ó ń di atẹ́gùn tí ojú kò rí. Kò pọ̀ tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ sá nílé, ṣùgbọ́n ọmọdé sún mọ́ ilẹ̀ jù wá lọ.

Màámi ti dé tòun ti ìgbálẹ̀.

"Yà fún mi. Àfọ́kù kì í sùn sílẹ̀ nínú ilé mi."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a. Ìgbálẹ̀ á fọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ ká."

"O wá ṣí fèrèsé fún ọyẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e jáde ná."

"Ìwọ àti bàbá rẹ! Ìwé lẹ ó fi gbálẹ̀ ilé yìí kẹ́yìn."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nígbà tí yàrá ti fẹ́ dáadáa, páálí líle ni mo fi kó àfọ́kù. Mo fi rágì tútù nu ilẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò kọfí, mo dé e pa. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nàka sí ibi tí ojú mi kò tó. Kò ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbá a.

Ìgbà yẹn ni mo rántí páálí gílóòbù orí kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ẹ kì í ju gílóòbù nù. Bí ọ̀kan bá jó, ẹ ó gbọ̀n ọ́n sétí, ẹ ó fetí sílẹ̀ bíi dókítà, lẹ́yìn náà ẹ ó tọ́jú rẹ̀. Àwọn roboto, mo mọ̀ wọ́n: inú ìbọ̀sẹ̀ lẹ ń ki wọ́n sí, kí ibi tó ya lè rọrùn láti rán. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ta lẹ ń retí tó rí bí ìwo àgbò?

Mo ti kó àwọn tó lọ́ kúrò ní yàrá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé tí a ń tì. N kò ní dà wọ́n sí ààtàn níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ṣì ń wádìí ẹni tó ń gbà wọ́n. Àwọn roboto wà níbi tí ẹ fi wọ́n sí. LED ló wà lórí tábìlì yín báyìí, kò ní mákúrì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun díẹ̀ ju èyí tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹ má bínú.

Màámi sì ti ṣòfin: ẹyin la ń dín, gílóòbù la ń tàn. Ẹ rántí bí ó ṣe ń dùn yín pé Yorùbá ọmọ yìí kò já gaara? Lánàá, iná pálọ̀ kú.

"Màmá àgbà, gílóòbù ti jó!"

Màámi pa sítóòfù kó tó dáhùn. "Ó jó ni, àbí ó fọ́?"

"Ó jó ni. Kò fọ́ rárá."

Mo tú u, roboto ni, mo fà á lé ọmọ náà lọ́wọ́ nínú áńkáṣì. Ó gbé e sétí, ó gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, ó sì dijú, ó ń gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni nígbà tí ẹ papò dà. N kò kọ́ ọ, Màámi kò kọ́ ọ.

Ta ló kọ́ ọ, Bàbá?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kọ́ bí a ṣe ń di ẹyin iná mú.