Ìfisùn Nípa Òrùlé Tí Onílé Tú Lórí Màmá Alágbàfọ̀

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Onílé àti Ayálégbé,
Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFISÙN LÓRÍ ÒRÙLÉ TÍ ONÍLÉ WA TÚ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ OWÓ ILÉ

1. Aránṣọ ni mí. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ń gbé yàrá kan nínú ilé tí mo kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sókè yìí. Bí ojú bá ń ṣepin, ojú náà là á fi hàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí a jọ ń gbé ilé fi ní kí n kọ̀wé sí yín.

2. Nígbà tí bàbá onílé wà láyé, bí òrùlé bá jò, òun fúnra rẹ̀ ló ń gun àkàbà. Nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba ilé. Kò tíì pé ọdún tó fi fi kún owó ilé lẹ́ẹ̀mejì. A ráhùn, a sì san án. Ọkọ mi wá iṣẹ́ aṣọ́nà kún ìwakọ̀ tó ń ṣe. Àkọ́bí wa obìnrin fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ń bá mi rán bọ́tìnnì.

3. Màmá Alágbàfọ̀ ni kò rí i san. Opó ni, aṣọ àwọn ará àdúgbò ló ń fọ̀ jẹun, ó sì ti wà ní yàrá ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbé mi níyàwó wọ ilé náà. Ó bẹ onílé pé kí ó jẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Onílé dá a lóhùn lójú gbogbo wa pé, "Màmá, ilé bàbá mi kì í ṣe ilé ìtọ́jú arúgbó."

4. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi lọ́dún yìí, káfíńtà kan dé, ó ní onílé ní kí òun wá tún òrùlé Màmá ṣe. Inú wa dùn. Màmá tiẹ̀ fún un ní omi tútù mu. Káfíńtà náà tú gbogbo páànù, ó kó wọn sínú ọkọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò kan tuntun. Kò lè wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Títú ni wọ́n ní kí n wá tú u. Wọn ò ní kí n kàn án."

5. Mo lọ bá onílé ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta táyà, mo sì kúnlẹ̀. Ó ní ilé òun lòun ń tún ṣe, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ọ̀nà là. Àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ owó ilé kì í ṣe tàwọn. A fi ọ̀rá ńlá bo yàrá náà, atẹ́gùn ń ká a. Aṣọ tí Màmá fọ̀ kò gbẹ mọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì kó aṣọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ́ ẹní fún un láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti ògiri, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń padà lọ gbọ́n omi. Ó ní bí òun bá fi yàrá sílẹ̀, wọn á ní òun ti kó lọ. Ikọ́ mú un. Dókítà ní òtútù ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Oṣù tó kọjá ló kú.

6. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ tí a sin ín ni káfíńtà yẹn kó páànù tuntun dé. Ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ní kí Màmá san ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ń san. Kò mọ nǹkan kan, a ò sì tíì rí ẹnu sọ fún un.

7. A ò ní kí a gbé ilé onílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ fi gbèdéke sí iye tí onílé lè fi kún owó ilé. Kí ẹ gbọ́ tẹnu ayálégbé kí wọ́n tó lé e. Kí ẹni tó bá sì tú òrùlé lórí ènìyàn jíhìn níwájú òfin. Ẹ pe onílé wa, kí ẹ bi í.

8. Lánàá, òjò jò sórí bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní yàrá ẹ̀gbẹ́ tiwa. Mo ní kí a lọ sọ fún onílé. Ìyàwó náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ pé ó ń jò."

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ wa.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,
Aránṣọ Yàrá Kejì,
lórúkọ gbogbo ayálégbé ilé náà.